Ẹnu Ajá Wo Ló Le Jù? Ohun Tí Nọ́ḿbà Lè Sọ àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

Tí ọ̀rọ̀ ajá bá ti bọ́ sáàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bí. Ẹnìkan á ní kò sí ajá tí eyín rẹ̀ le tó ti Rottweiler. Ẹlòmíràn á ní rárá o, Pit Bull ni ọ̀gá, pé tó bá ti gé nǹkan jẹ báyìí, àgbọ̀n rẹ̀ á há síbẹ̀, kò ní lè ṣí mọ́. Ẹnìkẹta á fa fóònù yọ lápò, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka èsì ìdánwò: Kangal, 743, Cane Corso, 700, Rottweiler, 328, Alsatian, 238, Pit Bull, 235. Ẹnu gbogbo èèyàn á wá wọhò, nítorí ta ni yóò bá ìṣirò jà?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ bá ìṣirò náà jà díẹ̀. A ó wo ibi tí irú nọ́ḿbà wọ̀nyí ti ń wá, bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ẹnu ajá, àti ohun tí ó yẹ kí èèyàn fi èsì rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti eré lásán. Àwọn kan ń torí nọ́ḿbà yìí ra ajá olówó ńlá tí wọn kò lè tọ́. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ fojú tín-ín-rín ìgéjẹ ajá kékeré. Wọ́n á ní, "Ajá bíńgò lásán ni, kò tilẹ̀ dùn mí," wọn kò sì ní dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó ra ajá lè pàdánù owó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ilé ìwòsàn lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

Kí gan-an ni wọ́n ń wọ̀n?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká là yé ara wa ni pé agbára yàtọ̀ sí ìfúnpá. Agbára ni bí nǹkan kan ṣe ń ti nǹkan mìíràn tó, tàbí bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó. Newton ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá gbé iyọ̀ kìlógíráàmù kan lé àtẹ́lẹwọ́, agbára tí iyọ̀ yẹn fi ń tẹ ọwọ́ yín mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó newton 10. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa lo pound dípò rẹ̀. Pound agbára kan jẹ́ nǹkan bíi newton 4.45.

Ìfúnpá ní tirẹ̀ ni agbára yẹn nígbà tí a bá pín in sórí ìwọ̀n ibi tí ó ti fara kan nǹkan. Ẹ jẹ́ ká wo òde ìnáwó. Bí ìyá kan tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó ní "kò tọ́pẹ́, mà." Bí ìyá kan náà bá fi gogoro bàtà tẹ̀ yín níbi kan náà, ẹ ó fò sókè. Ìyá náà kò sanra sí i láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti kó sórí ibi tí kò ju orí ìka lọ.

"Psi" tí a ń rí lẹ́yìn nọ́ḿbà ajá, ìfúnpá ni: iye pound tó wà lórí íńṣì kan níbùú àti íńṣì kan lóròó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ iye psi ẹnu ajá gbọ́dọ̀ mọ bí eyín tó kan nǹkan náà ṣe fẹ̀ tó, kí ó sì fi pín agbára. Ajá kan náà lè ní psi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́ kan, bí ó bá ṣe fi eyín ṣóńṣó tàbí eyín pẹlẹbẹ jẹ nǹkan. Agbára nìkan ni àwọn ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn ń wọ̀n. Nígbà tí èèyàn bá wá mú nọ́ḿbà agbára, tó lẹ "psi" mọ́ ọn lẹ́yìn láìpín in, ó ti sọ nǹkan kan di nǹkan mìíràn.

Bí ẹnu ajá ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọmọ ajá ní eyín 28. Nígbà tó bá dàgbà, wọ́n á di 42. Mẹ́rin tó ṣe ṣóńṣó ní iwájú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ni ó fi ń gbá nǹkan mú kó má bàa bọ́. Lẹ́yìn wọn, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ni àwọn eyín tó ń kọjá lára ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹran. Àwọn tó kù sẹ́yìn pátápátá ló fi ń fọ́ eegun.

Iṣan ló ń pa ẹnu náà dé. Èyí tó tóbi jù lọ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ agbárí, nítòsí etí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá so mọ́ egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka lé ẹ̀bátí yín, kí ẹ sì pa eyín dé gírígírí: ohun tó ń wú lábẹ́ ìka yín yẹn ni irú iṣan bẹ́ẹ̀ lára èèyàn. Iṣan kejì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹta sì wà ní ẹ̀gbẹ́ inú egungun àgbọ̀n. Bí iṣan bá ṣe nípọn tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ajá olórí ńlá, tí agbárí rẹ̀ fẹ̀, fi sábà máa ń ní agbára ẹnu ju ajá olórí kékeré lọ: àyè wà fún iṣan láti dúró sí.

Ṣùgbọ́n iṣan nìkan kọ́. Ibi tí nǹkan wà nínú ẹnu náà ń kó ipa. Kò sẹ́ni tó máa ń fi eyín iwájú fọ́ eegun ẹran. Ẹ̀yìn ẹnu ni gbogbo wa ń tì í sí, nítòsí ibi tí àgbọ̀n ti so mọ́ orí, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára pọ̀ sí. Bí ti ajá náà ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ iye agbára ẹnu ajá láìsọ eyín tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó ku ìdajì ọ̀rọ̀ tí kò sọ.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n

Ọ̀nà kìíní ni kí a fún ajá ní ẹ̀rọ jẹ. Ní ọdún 1995, Lindner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ajá 22 tí àwọn èèyàn ń sìn nílé. Wọ́n fi awọ ẹran gbígbẹ bo ẹ̀rọ tó ń wọn agbára, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ajá náà gé e jẹ. Èyí tó kéré jù nínú èsì wọn jẹ́ newton 13, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ newton 1,394. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in, newton 256 ni. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó. Newton 13 kò ju ìwúwo àpò gààrí kékeré lọ, nígbà tí 1,394 sún mọ́ ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tó jẹ́ kìlógíráàmù 50 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe bí ajá ṣe tóbi sí nìkan ló fa àlàfo náà. Ajá kì í fi gbogbo agbára gé nǹkan jẹ ní gbogbo ìgbà. Èyí tó ń ṣeré kò dà bí èyí tínú ń bí, èyí tó yó kò sì dà bí èyí tí ebi ń pa. Ẹ̀rọ kò lè wọn agbára tí ajá kò lò.

Ọ̀nà yìí kan náà ni Brady Barr lò nínú ètò tẹlifíṣọ̀n National Geographic ní ọdún 2005. Wọ́n fi ẹ̀rọ sínú ìbọ̀wọ́ nípọn tí àwọn olùkọ́ ajá máa ń wọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ajá mẹ́ta gé e jẹ. Pit Bull ní pound 235, Alsatian ní 238, Rottweiler ní 328. Ẹ ti rí i pé nọ́ḿbà mẹ́ta yìí wà lára èyí tí ọ̀rẹ́ wa kà jáde lórí fóònù. Ajá kan péré ló ṣojú fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, pound agbára sì ni wọ́n, kì í ṣe psi. Ó dà bí ìgbà tí a mú ẹnìkan láti Ìbàdàn, ẹnìkan láti Ìjẹ̀bú, ẹnìkan láti Èkìtì, tí a ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì, tí a wá kéde pé àwọn ará ìlú báyìí ló lágbára jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín 235 àti 238, bí wọ́n bá ní kí àwọn ajá méjèèjì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ipò wọn yí padà.

Ọ̀nà kejì yẹra fún ìṣòro ajá tí kò fẹ́ lo agbára. Wọ́n á fi oògùn oorun kun ajá náà, wọ́n á sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta àwọn iṣan àgbọ̀n kí wọ́n lè fún pọ̀. Jennifer Ellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà yìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Níbi eyín ṣóńṣó iwájú, èsì wọn wà láàárín newton 147 sí 946. Níbi eyín ẹ̀yìn, ó wà láàárín 524 sí 3,417. Ẹ̀yìn ẹnu fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ ju iwájú lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí yẹ nọ́ḿbà Kangal wò. Tí 743 bá jẹ́ pound agbára, ó tó nǹkan bíi newton 3,300. Tí ẹni tó sọ ọ́ bá ń sọ nípa eyín ẹ̀yìn ajá ńlá tí gbogbo iṣan rẹ̀ fún pọ̀, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ eyín iwájú ló ń sọ, ó ti fi ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ Ellis. Àtòkọ tó ń gbé nọ́ḿbà náà kiri kì í sọ eyín tó jẹ́. Kì í sọ iye ajá tí wọ́n wọ̀n. Kì í sọ bóyá ajá ń ṣeré ni tàbí ó ń jà.

Ọ̀nà kẹta kò nílò ajá ààyè rárá. Wọ́n á mú agbárí ajá tó ti kú, wọ́n á wọn gígùn àgbọ̀n àti àyè tí iṣan ń dúró sí, wọ́n á sì fi ìṣirò mọ agbára tí ẹnu náà lè ní. Ellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí fún agbárí 127 nínú iṣẹ́ mìíràn tó jáde ní 2009. Wọ́n pín àwọn agbárí náà sí kékeré, àárín àti ńlá, wọ́n sì tún pín wọn sí olójú kúkúrú, olójú wọ̀ntún-wọ̀nsì àti olójú gígùn.

Kí ni wọ́n wá rí?

Wọ́n rí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, bí agbárí bá ṣe tóbi tó ni agbára ń pọ̀ tó. Ìkejì, bí orí ṣe rí náà ń kó ipa, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ajá ńlá àti ti àárín nìkan ni èyí ti hàn gbangba. Láàárín àwọn kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí orúkọ ẹ̀yà nínú ìdáhùn náà. Boerboel lágbára ẹnu ju Lhasa lọ, kò sí àní-àní, nítorí pé orí Boerboel tóbi ju ti Lhasa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n tí a bá mú ajá méjì tí orí wọn tóbi bákan náà, tí wọ́n sì rí bákan náà, orúkọ tó wà lórí ìwé tí ẹni tó tà á kọ kò lè fi agbára kún ẹnu ọ̀kan. Ajá ìbílẹ̀ wa tó bá tóbi tó Alsatian, tí orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó tirẹ̀, kò sí ohun tó ní kí ẹnu rẹ̀ má le tó tirẹ̀.

Ti àgbọ̀n Pit Bull tó ń há ńkọ́? Àwọn tó ti la orí ajá wò kò rí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀. Oríkèé àgbọ̀n Pit Bull kò yàtọ̀ sí ti ajá mìíràn, iṣan kan náà ló sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Pit Bull kan kì í tètè jáwọ́ nínú ohun tí wọ́n bá gbá mú, nítorí pé àwọn tó ń sin wọ́n fún ìjà látijọ́ ló ń yan ajá olóríkunkun láti bímọ. Ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn. Ajá tí kò fẹ́ ṣí ẹnu yàtọ̀ sí ajá tí kò lè ṣí i.

Tí a bá tilẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ajá ilé, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ "lágbára jù" gan-an ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wroe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbárí ṣírò agbára ẹnu àwọn ẹranko ajẹran ní 2005. Níbi eyín ṣóńṣó, kìnnìún ní nǹkan bíi newton 1,768, ìkookò ilẹ̀ òtútù tó bá ajá ilé tan ní 593, ajá igbó ilẹ̀ Áfíríkà tí ara rẹ̀ ní àbàwọ́n aláwọ̀ púpọ̀ ní 428. Kìnnìún borí. Ṣùgbọ́n kìnnìún tí wọ́n fi ṣírò wúwo tó kìlógíráàmù 295, ajá igbó náà kò sì ju 19 lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwúwo ara wé agbára ẹnu, kìnnìún gba 112, ìkookò gba 136, ajá igbó gba 142. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ló wá ga jù. Kí èèyàn tó sọ pé "èyí ló lágbára jù," ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fi wé.

Òfin ńkọ́?

Ẹ lè béèrè pé, tí orúkọ ẹ̀yà kò bá sọ agbára ẹnu, kí ló dé tí ìjọba àwọn ìlú kan fi ń fòfin de ẹ̀yà ajá? Àwọn ẹbí wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa. Òfin ọdún 1991 níbẹ̀ fọwọ́ ba Pit Bull Terrier, Tosa ti Japan, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ní XL Bully ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ pàtàkì ti dẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mọ XL Bully. Ìrísí ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń wọn gíga rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 51 sókè fún akọ, 48 sókè fún abo. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí ajá gé ẹ̀rọ jẹ. Ìbẹ̀rù nítorí àwọn èèyàn tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ti pa tàbí tí ó ti ṣe léṣe ló bí i. Àwọn dókítà ẹranko pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé orúkọ ẹ̀yà nìkan kò tó láti fi mọ ajá tí yóò gé èèyàn jẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó ya ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

A kò sọ pé ajá ńlá kò léwu o. Ajá tó tóbi tó sì lágbára lè fọ́ egungun, ó lè fa ẹran ara ya. Fún ọmọdé, ewu náà pọ̀ jù, nítorí pé ojú àti ọrùn ọmọdé kò jìnnà sí ẹnu ajá. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwọ̀n ara ajá àti ìtọ́jú rẹ̀ ló yẹ kí a wò, kì í ṣe nọ́ḿbà tí a kò mọ orírun rẹ̀.

Ìgéjẹ tí kò dunni

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa jù nìyí. Ní ilẹ̀ wa, ohun tó yẹ ká bẹ̀rù jù lẹ́nu ajá kì í ṣe agbára. Itọ́ ni. Àwọn baba wa mọ ajá dìgbòlugi, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá gé jẹ wà nínú ewu. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á wà nínú itọ́ ajá tó ní àrùn náà. Tí itọ́ bá gba ojú egbò wọlé, fáírọ́ọ̀sì náà á máa gba inú àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, á máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń gbà á tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì àìsàn tó yọ, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Nígbà tí àmì bá ti yọ, tí ẹni náà ń bẹ̀rù omi, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oògùn tó lè gbà á sílẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn "ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkankan kò ṣe mí" fi léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kó o, ajá ló kó o ran mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ẹranko tí wọ́n fura sí gé jẹ, ogójì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

Àjọ yìí kan náà pín ìfarakanra pẹ̀lú irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni kí èèyàn fọwọ́ kan ẹranko, kó fún un lóúnjẹ, tàbí kí ẹranko lá ibi tí awọ rẹ̀ kò bó. Èyí kò nílò abẹ́rẹ́. Ìpele kejì ni kí ó fi eyín họ awọ tí aṣọ kò bò, tàbí kí ó ha èèyàn díẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀. Èyí nílò fífọ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lójú ẹsẹ̀. Ìpele kẹta ni kí eyín tàbí èékánná la awọ kọjá, tàbí kí ẹranko lá ojú egbò, tàbí kí itọ́ rẹ̀ kan inú ẹnu tàbí inú ojú èèyàn. Èyí nílò fífọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti oògùn ajàrùn mìíràn tí wọ́n ń gún yí egbò náà ká.

Ẹ tún ìpele kẹta kà. Lílá wà níbẹ̀. Newton mélòó ni ahọ́n ajá ní? Kò tó nǹkankan. Síbẹ̀, ajá tó lá ojú egbò wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ajá tó ti eyín bọ ẹran ara. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bi yín bóyá Rottweiler ni tàbí bíńgò kí ó lè mọ abẹ́rẹ́ tí yóò fún yín. Yóò béèrè bí egbò ṣe rí, bí ajá náà ṣe ń ṣe, àti bóyá ó ti gba àjẹsára.

Ọ̀rọ̀ gogoro bàtà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan tún wọlé síbí. Eyín ọmọ ajá tín-ín-rín, ó sì mú. Agbára kékeré tó bá kó sórí ṣóńṣó rẹ̀ tó láti la awọ. Ihò náà lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó lè má ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là fún itọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Tí ajá bá gé èèyàn jẹ, ńlá tàbí kékeré, ti ilé tàbí ti ìta, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ má da epo pupa sí i, ẹ má fi irun ajá náà lé e, ẹ má sì dì í pa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín láti padà wá, ẹ padà lọ.

Ẹ má sáré pa ajá náà tó bá ṣeé mú láìsí ewu. Tí wọ́n bá so ó mọ́lẹ̀ tí dókítà ẹranko sì ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ara rẹ̀ sì le títí di ìgbà yẹn, a jẹ́ pé kò ní àrùn náà lẹ́nu lọ́jọ́ tó géni jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tìtorí pé ẹ ń ṣọ́ ajá sún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ síwájú.

Ẹni tó fẹ́ sin ajá, kó má bèèrè nọ́ḿbà ẹnu lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Kó béèrè ìwé àjẹsára. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gba ti dìgbòlugi, kí wọ́n sì máa tún un fún un bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀. Kó jẹ́ kí ọmọ ajá náà mọ èèyàn, mọ ọmọdé, mọ ariwo, láti kékeré. Àjá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò mọ ju oúnjẹ tí wọ́n jù sí i lọ, kò ní mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí olè. Àjẹsára tí ẹ bá fún ajá yín kò sì mọ sọ́dọ̀ yín nìkan: bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá tó wà ní àdúgbò bá gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́.

Bí àríyànjiyàn yìí bá wá tún bẹ́ sílẹ̀ ní họ́stẹ̀lì, tí ẹnìkan tún fa fóònù yọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ajá mélòó ni wọ́n wọ̀n? Eyín wo ni? Ṣé agbára ni àbí ìfúnpá? Tí kò bá rí ìdáhùn sí wọn, ẹ bi í ní ẹ̀kẹrin, èyí tó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: ajá tó wà nílé tiyín, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?